Orin Ìwẹ̀ Ilé Wa Lẹ́nu Ará Kúbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá, ẹ súnmọ́ mi. Ẹ jókòó sórí ẹní yìí. Ẹni tí kò bá ráyè kó ti ẹnì kejì díẹ̀. Inú mi dùn lónìí, àbí ẹ kò rí eyín mi níta? Mo wẹ ọmọ tuntun tí ẹ bí, ó sunkún, ó dákẹ́, ó wá ń wò mí bí ẹni tó ti mọ̀ mí tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ orin ìwẹ̀ ilé wa fún un ni ọwọ́ mi dúró sínú omi. Ọ̀rọ̀ kan wà nídìí orin yẹn tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà tí mo wà ní wúńdíá, títí di bí mo ti jókòó yìí, kò yé mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á náà, ẹ fà mọ́ra, bóyá yóò yé yín.

Àwọn òyìnbó kò tíì pẹ́ púpọ̀ nílẹ̀ wa nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣì jẹ́ ìran wíwò l'Ẹ́dẹ. Oníṣòwò obì kan ló fẹ́ kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ló bá ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ l'Ékòó, bàbá mi sì gbà wọ́n sílé. Baba Àgùdà ni olórí wọn, bíríkìlà ni, ará Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíl. Èkejì jẹ́ ẹ̀yà Kúrúù láti Làìbéríà, Kúrúù náà la sì ń pè é, atukọ̀ òkun ni tẹ́lẹ̀, òun ló ni gìtá. Ẹ̀kẹta ni Tòmáàsì, gbẹ́nàgbẹ́nà, ará Kúbà. Wọ́n kó ìyá ìyá rẹ̀ lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ó ní òun wá wo ilẹ̀ tí ìyá arúgbó náà ń sunkún lé lórí títí ó fi kú.

Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ lálẹ́, eré dé nìyẹn. Baba Àgùdà á lu sáḿbà, ìlù onígun mẹ́rin tí wọ́n kan awọ mọ́. Kúrúù á ta gìtá. Tòmáàsì á máa fi igi kékeré méjì lu ara wọn, á sì máa kọrin. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, Yorùbá wíwọ́ ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Baba Àgùdà á ní wọn kì í lù ú báyìí ní Bàhíà. Tòmáàsì á ní igi òun ni kí gbogbo wọn máa tẹ̀lé. Kúrúù á ní òun kì í tẹ̀lé igi, àfi tó bá jẹ́ igi ọkọ̀ òkun. Lọ́jọ́ kan, ara mi kò gbà á mọ́. Mo gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ìyá mi, mo gbọn ọ́n mọ́ ohùn igi yẹn bí a ti ń gbọn ọ́n nílé wa. Ohùn gbogbo wa bá wọ inú ara wọn bí omi odò méjì tó pàdé! Baba Àgùdà wò mí, ó ní, “Bàhíà wo ni wọ́n ti kọ́ eléyìí?” Láti ọjọ́ náà n kò kúrò láàárín wọn mọ́. Kò sì pẹ́ tí ojú èmi àti Tòmáàsì fi mọ ara wa ju bó ti yẹ lọ.

Ó rán Baba Àgùdà sí bàbá mi láti tọrọ mi, bàbá mi kò sì kọ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé obì wá, bàbá mi ní kí àna òun kọ orin ilé tirẹ̀ kó tó di pé òun pa obì. Tòmáàsì ní òun á kọ èyí tí ìyá òun àgbà fi ń wẹ òun, ṣùgbọ́n òun kò mọ ibi tó ti wá. Ó la ẹnu:

Rọra bu omi, ọmọ abẹ́ àyúnrẹ́,
Ewé sùn, ọmọ jí, rọra bu omi.

Yéè! Ẹ̀yìnkùlé wa ni igi àyúnrẹ́ yẹn wà. Kò sí ilé mìíràn l'Ẹ́dẹ tó ń fi orin yẹn wẹ ọmọ. Obì bọ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Wọ́n bi í ní orúkọ ìyá àgbà náà, ó ní “Ìyá” ni òun ń pè é. Wọ́n bi í ní ìlú rẹ̀, kò mọ̀. Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ wa ni, a kì í sì í fẹ́ ẹni tó bá wa tan. Ìyá bàbá mi bú sẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́. “Àwa ìyàwó ilé la ń kọ orin yẹn jù,” ni wọ́n wí. “Èmi náà ń kọ ọ́. Ṣé mo bá yín tan ni? Bó bá jẹ́ ìyàwó ilé ni wọ́n kó lọ́nà oko ńkọ́?”

“Bó bá jẹ́ ọmọ ilé ńkọ́, ìyá mi?” ni bàbá mi bi wọ́n.

Ogun ti kó ìyàwó, ó ti kó ọmọ, ẹni tó lè sọ ọ́ sì ti sùn sí òkè òkun. Títí wọ́n fi bo ilé oníṣòwò náà tán, bàbá mi kò rí ọ̀rọ̀ náà dá. Tòmáàsì bẹ̀ wọ́n, ó ní, “Bàbá, ẹ pè mí lọ́mọ, màá dúró. Ẹ pè mí lánà, màá dúró. Ẹ ṣáà pè mí ní ọ̀kan.” Èmi alára, èwo ni kí n gbàdúrà fún? Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo jèrè ẹbí, mo pàdánù ọkọ. Bó bá sì jẹ́ àlejò lásán, ta ló kọ́ ọ ní orin wa? Ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n èyí kò fọ́, kò sì di òròmọdìẹ.

Mo fẹ́ ẹlòmíràn nígbẹ̀yìn, ọkọ rere ni, ẹ̀yin sì ni èrè rẹ̀; ẹ wo bí ẹ ti kún ẹní mi! N kò ráhùn. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbàdúrà fún Tòmáàsì, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n máa pè é nínú àdúrà náà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nígbà tí iṣẹ́ ilé náà parí, ìdájí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Kúrúù gbé gìtá kọ́ èjìká, Baba Àgùdà ru sáḿbà, wọn kò lu nǹkan kan. Tòmáàsì fi igi rẹ̀ méjèèjì lé mi lọ́wọ́, ó wá kọjú sí bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ìrì. Ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, àna náà ń dọ̀bálẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá ògiri, mo ń retí ohun tí bàbá mi yóò pè é. Bàbá mi ní, “Dìde. Ilẹ̀ ti mọ́.”