Nọ́ọ̀tì Tí Mo Jù Sínú Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Ojú mi àti ojú awakọ̀ kan ṣe kòńgẹ́ lókè òrùlé ọkọ̀ kan, èmi lápá kan, òun lápá kejì, níbi tí èrò pọ̀ sí débi pé wọ́n ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni màá ti bẹ̀rẹ̀ lónìí, nítorí mo ti gbé e mì títí, kò dà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ pé ọkọ̀ funfun ilé búrẹ́dì yẹn kò dára, pé jákujàku ni wọ́n kàn pọ̀, irọ́ ni wọ́n pa fún yín. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, torí ẹnu mi ló ti jáde.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ oníná, tí wọ́n sì ń tún un ṣe, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi a máa pè mí ní Ìyàwó Bátìrì, ó ní bátìrì nìkan ló lè fara da ìdákẹ́jẹ́ mi. Lọ́jọ́ náà, a gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan síta, funfun báláú, kí àwọn èèyàn wá wò ó. Ẹnìkan ń fi ìka kàn án lára: "Ṣé irin ni àbí ike?" Bàbá àgbàlagbà kan gbé etí lé e níwájú, ó ní, "Ẹ tan án ná, ká gbọ́ ohùn rẹ̀." Ọ̀gá mi ní, "Bàbá, ó ti wà ní títàn." Bàbá fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ni ilé búrẹ́dì ní òpópónà kejì káwọ́ gbera, ó ní, "Ọkọ̀ tí kì í mu epo, kí ló wá ń mu? Àbí ẹ̀jẹ̀ ni?" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wakọ̀ fún un nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ojú sókè, ojú wa sì pàdé. Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tí mo ti ń kà láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́, bí ojú bá pàdé báyìí, ààrá a sán. Ààrá kò sán. Ó kàn béèrè lọ́wọ́ mi ni, "Àǹtí, ṣé kì í já èèyàn kulẹ̀?"

Mo ní, "Bí ẹnikẹ́ni ò bá já a kulẹ̀, kò ní já yín kulẹ̀."

Ẹ gbọ́ mi bí! Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí bó ṣe ń wakọ̀. Ó bẹ àǹtí rẹ̀ títí ìyẹn fi ta ọkọ̀ elépo àtijọ́ tó ń yọ èéfín, tó sì ra funfun yìí. Ọjọ́ tí mo lọ fi ibi tí okùn iná yóò máa wọ̀ hàn wọ́n, etí mi ni Ìyá Oníbúrẹ́dì ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Mo ti gbọ́ tìrẹ, ọmọ mi. Tí ọkọ̀ yìí bá ṣiṣẹ́ dé òpin ọdún láìdójú tì mí, ìwọ ni màá fi gbogbo iṣẹ́ gbígbé búrẹ́dì lé lọ́wọ́. Tó bá dójú tì mí, àpò ìyẹ̀fun ń bẹ nínú yàrá ẹ̀yìn, ó ń dúró dè ọ́." Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ lọ wá ẹlòmíràn fún ìyẹ̀fun yín."

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nípa ọkọ̀ tó dára ni pé ẹni tó ni ín kì í padà wá. Ọkọ̀ elépo a máa sọ èèyàn di ẹbí mẹkáníìkì: lónìí, ó fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, lọ́la, páìpù rẹ̀ ti lu. Ọkọ̀ ti Jẹ́jẹ́ kò béèrè nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́, á ki okùn iná bọ̀ ọ́ lára ògiri ilé búrẹ́dì bí ẹni fi fóònù síná. Kí búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó jáde nínú ààrò, ọkọ̀ ti yó. Ilẹ̀ inú rẹ̀ tẹ́jú, pẹpẹ búrẹ́dì ń wọlé láìforí gbá. Bí òtútù bá mú, kì í lọ jìnnà tó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Yíyí tó ń yí ìlú po láràárọ̀ kì í jẹ ìdajì iná inú rẹ̀. Á kọjá níwájú wa, á juwọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà kò pariwo; kí n tó gbójú sókè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń rí.

Màá sì padà sínú yàrá mi. Ibùsùn, àga kan, fèrèsé tó kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Ife kan ṣoṣo ni mo ní. Kò sí ẹni tí yóò fi èkejì mu nǹkan. Mo kọ lẹ́tà sí i. Lẹ́tà náà dùn jọjọ, òṣùpá méjì ló wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé òṣùpá kan ló wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Mo fi í sínú àpò àyà aṣọ iṣẹ́ mi, mo ní ọjọ́ tó bá wá, màá fún un.

Ó wá fún àyẹ̀wò àkọ́kọ́. A yẹ táyà wò, a yẹ bíréèkì wò, ó parí. Ó ti ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Mo ṣì tú ìbòrí inú ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ láti wo wáyà gíláàsì, nọ́ọ̀tì kékeré kan tí a fi ń de irin sì wà láàrin ìka mi. Mo jẹ́ kó bọ́ sínú ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe bá mi sọ pé ó bọ́ lọ́wọ́ mi o. Èmi ni mo jẹ́ kó bọ́. Mo dé ilẹ̀kùn padà. Nínú ọkọ̀ elépo, ariwo ẹ́ńjìnnì ì bá bo nọ́ọ̀tì yẹn mọ́lẹ̀ títí ayé. Nínú ọkọ̀ tó dákẹ́, ńṣe ló di agogo.

Kò pẹ́ tó fi padà dé. "Àǹtí, ọkọ̀ yín ti ń sọ̀rọ̀ o."

"Kí ló ń wí?"

"Kì-kì-kì. Ó jọ pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Bóyá ó fẹ́ kí ẹ máa wá kí wa ni."

Ó jókòó sórí táyà, ó bu búrẹ́dì gbígbóná sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Mo yọ nọ́ọ̀tì náà nínú ilẹ̀kùn òsì. Kó tó lọ, mo ti jù ú sí ti ọ̀tún. Lẹ́tà wà láyà mi, kò jáde. Nígbà tó tún padà wá, mo gbé nọ́ọ̀tì lọ sábẹ́ àga, mo sì dẹ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Òjò rọ̀, omi wọlé, búrẹ́dì rin. Ọ̀gá mi mi orí, ó ní, "Ìyàwó Bátìrì, ọkọ̀ yìí mà ń ṣe bí aláìsàn tó fẹ́ràn dókítà." Mo rẹ́rìn-ín. Mo lè rẹ́rìn-ín! Ìyá Oníbúrẹ́dì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń sọ kiri àdúgbò pé ọkọ̀ tuntun òun ń dún bí arúgbó tó ń payín keke.

Lọ́jọ́ kan, Jẹ́jẹ́ jókòó, kò bu búrẹ́dì. Ó ní, "Àǹtí mi ní kí n yé wá síbí. Wọ́n ní tó bá ń dún, kí n máa kọrin lé e. Lọ́la la máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé búrẹ́dì fún ilé ìwòsàn. Tí ìyẹn bá lọ geere, gbogbo àwáwí tán." Inú rẹ̀ ń dùn. Èmi wà níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, gbogbo ohun tí mo sì gbọ́ ni pé kò ní wá mọ́.

Bátìrì ńlá tó ń gbé ọkọ̀ oníná rìn wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, n kò fọwọ́ kan ìyẹn. Ṣùgbọ́n bátìrì kékeré kan wà níwájú, irú èyí tó wà nínú gbogbo ọkọ̀. Òun ló ń jí i lójú oorun. Bí wáyà ẹnu rẹ̀ bá dẹ̀, bí bátìrì ńlá tilẹ̀ kún dé ọrùn, ọkọ̀ kò ní jí. Mo dẹ̀ ẹ́. Mo ní yóò kọ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, á pè mí, màá sáré dé bí olólùfẹ́ inú ìwé, màá fún un ní lẹ́tà. Ó sì ti sọ ti ilé ìwòsàn fún mi o. Sípánà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò dè é padà.

Ọkọ̀ náà jí láàárọ̀, ó gbé ẹrù kún inú, ó dúró ní ibùdó àkọ́kọ́, kò sì dìde mọ́. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ pè mí, ohùn rẹ̀ ti gbẹ. Mo kọ́kọ́ lẹ́ àtíkè. Ẹ dákun, ẹ má bú mi tán. Èmi náà ń bú ara mi. Nígbà tí mo dé, èrò ti yí ọkọ̀ ká bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Olórí ilé ìdáná ilé ìwòsàn ti fóònù: wọ́n ti ra tiwọn níbòmíràn, aláìsàn kì í dúró de búrẹ́dì, kí Ìyá Oníbúrẹ́dì má wulẹ̀ wá lọ́la. Mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo de wáyà, ọkọ̀ jí.

"Kí ló ṣe é?" Ìyá Oníbúrẹ́dì ló béèrè.

Jẹ́jẹ́ ń wò mí. "Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn pé nǹkan kékeré ni."

Ẹ wò ó, tí mo bá ti sọ pé wáyà ló dẹ̀, ìbéèrè tó kàn ni ta ló dẹ̀ ẹ́. Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀ nìyẹn, mà. Ọkọ̀ yìí kò ṣe é gbọ́kàn lé."

"O gbọ́? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sọ ọ́." Ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́." Jẹ́jẹ́ wá a nínú àpò rẹ̀ títí, àfi bí ẹni tó fẹ́ kó sọnù, kó tó gbé e fún un.

Nọ́ọ̀tì burú, wáyà burú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló pa á.

Ó wá sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Ó ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún mi. Èmi kàn ń gbèjà irin lásán ni." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ. Lẹ́tà olóṣùpá méjì wà láyà mi, ó ti gbó nínú òógùn.

Ọ̀gá mi ló ra ọkọ̀ náà padà ní owó pọ́ọ́kú. Mo yọ nọ́ọ̀tì, mo tún rọ́bà ṣe, n kò sọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, kò tíì ṣe òjòjò. Òjò ń rọ̀, ẹ̀kán omi kan kò wọlé. Ọ̀gá a máa gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, á ní, "Gbọ́ bó ṣe pa ẹnu dé, bí ẹni tó mọ àṣírí! Ta ló sọ pé ọkọ̀ yìí ò dáa?" Èmi ni mo ń fi í lọ gbé ẹrù báyìí. Èmi nìkan nínú rẹ̀. Kò dún rárá. Mímí mi nìkan ni mo ń gbọ́, nígbà mìíràn mo sì máa ń fẹ́ kí nọ́ọ̀tì yẹn ṣì wà níbẹ̀, kí nǹkan kan máa bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo kọjá níwájú ilé búrẹ́dì. Jẹ́jẹ́ gbé àpò ìyẹ̀fun léjìká, ó funfun dé ìpéǹpéjú. Ó rí ọkọ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ló bínú sí o, kò bínú sí mi. Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìfẹ́ bíi tèmi, tí ẹ bá fẹ́ràn ẹnìkan, ẹ sọ fún un. Bó bá kọ̀, ẹ sunkún, ojú á gbẹ. Ẹ má ba ohun tó gbé e ró jẹ́ nítorí kó lè wá sọ́dọ̀ yín. Ẹni tó bá wá nítorí ohun tí ẹ bàjẹ́, kì í ṣe yín ló wá bá.

Mo fa lẹ́tà olóṣùpá ya. Mo kọ òmíràn sí Ìyá Oníbúrẹ́dì, kò ní òṣùpá kankan. Nọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀, rọ́bà wà nínú rẹ̀, wáyà àti irọ́ wà nínú rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Mo pinnu pé màá gbé e fún un, màá sì sá kí ó tó ṣí i. Mo bá a lẹ́bàá ààrò. Mo kúnlẹ̀, mo na lẹ́tà.

Ó mú ojú sún mọ́ ọn, ó pòṣé. "Awò mi wà nílé. Gbé e fún ìyẹn, kó kà á sókè."

Mo yí padà. Jẹ́jẹ́ sọ àpò kalẹ̀, ó nu ọwọ́ lára ṣòkòtò, ìyẹ̀fun kò tán níbẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀yin rèé! Ó mà tọ́jọ́ mẹ́ta. Kí lẹ kọ sí wa?"

Mo wo ojú rẹ̀, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo na lẹ́tà sí i, ó gbà á.