Ọwọ́ Ìyá Rẹ Kò Gbọ̀n

"Jókòó, má dúró. Òótọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi ju àìsàn yìí lọ, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀."

Bí ọkùnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní ọ̀sán ọjọ́ tí dókítà sọ fún un pé kò sí oògùn mọ́. Obìnrin aránṣọ tí ó ránṣẹ́ pè fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọdún mọ́kànlá tí obìnrin náà ti gbé kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wá sí ṣọ́ọ̀bù tí ọkùnrin náà ti ń sọ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ di fáìlì, kí ó lè máa wò ó lórí tẹlifíṣàn rẹ̀.

"Bàbá, ẹ rọra. Ẹ mu omi ná."

"Omi kọ́. Kí lo sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo ní ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni."

"Ọ̀rọ̀. Mi ò bèèrè irú ọ̀rọ̀ wo. Bí fáìlì bá tóbi jù, ẹ̀rọ kékeré tí o rà láti fi wò ó yẹn á máa há, torí náà a gbọ́dọ̀ fún un pọ̀ kó lè kéré. Ẹni tó ń fún un ló máa yan ohun tó máa dá sí. Bó bá jẹ́ ijó, a máa dá àwòrán sí. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, a máa dá ohùn sí. Èmi ọ̀lẹ, mo dá gbogbo ohùn sí, mo sì fún àwòrán pọ̀ títí kò fi ku nǹkan kan."

Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ohùn odi."

"Ohùn odi. Ìyá rẹ ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, èmi ń tọ́jú ohùn fáànù tó ń fẹ́ nínú yàrá."

"Fáànù yẹn, bí mo bá gbọ́ ọ láàárín ọgọ́rùn-ún, màá dá a mọ̀." Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ ní kí lẹ fún pọ̀?"

"Àwòrán. Nígbà tó o padà wá, o ní ìka ìyá rẹ dà pọ̀ bí ọṣẹ tó yọ́. Mo sáré lọ wá kásẹ́ẹ̀tì kí n tún un ṣe. Mo ti pa inú rẹ̀ rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú ogún kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, ká lè tún wọn lò. Mi ò bi ọ́ kí n tó ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi tó ni ṣọ́ọ̀bù ní, 'Ìyá tó ń kú lọ ni. Sọ fún un pé ọwọ́ ìyá náà ló ń gbọ̀n.' Òun ló kọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnu tèmi yìí ló sọ ọ́."

"Ẹ ní ó gbìyànjú, agbára ni kò sí."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní ẹ fi ojú ara yín rí i."

"Ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́. Mo rí i. Ọwọ́ ìyá rẹ kò gbọ̀n. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá gbáko ló fi bá ọ sọ̀rọ̀, kò sinmi."

Obìnrin náà ní, "Mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ìyá mi ò lè sọ nǹkan kan fún mi kó tó kú." Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí lẹ rántí níbẹ̀?"

"Mi ò gbọ́ èdè ọwọ́."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ túmọ̀. Ẹ ṣe é kí n rí i."

Ọkùnrin náà yọ ọwọ́ lábẹ́ kúbùsù. Ó wá inú ara rẹ̀ títí, àmì ọwọ́ kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀: ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbá orí èkejì kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì na ìka sí ọ̀kánkán.

"Ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Obìnrin náà ń wò ó bí ẹni ń ka lẹ́tà.

"Ṣé ó ní ìtumọ̀?"

"Ó ní. Ẹni tó di kámẹ́rà mú ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, 'Ó tó. Pa á.'"

"Dárí jì mí, ọmọ mi."

Aránṣọ náà dá ọwọ́ bàbá náà padà sábẹ́ kúbùsù, ó sì dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sọ fún àwọn ọmọ mi pé ìyá àgbà wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló sọ, màá padà wá bi yín."