Omi Tó Wà Nínú Orí Erin

Alhaji Sàlíhù, alága wa, ẹ ti ṣàdúrà fún mi, ẹ ti kí mi, ẹ sì ti sọ fún gbogbo ìjọ àsàlátù pé ọ̀rọ̀ ìfaradà ni èmi Tìrìmísíyù máa bá wa sọ lónìí, nítorí pé ààwẹ̀ ti ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ ṣeun. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ìfaradà kọ́ ni mo gbé wá. Òótọ́ ni mo gbé wá, ó sì ti pẹ́ lórí mi débi pé ọrùn ń dùn mí. Ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ pè mí síwájú, mi ò ṣe é rí. Ẹ jókòó dáadáa. Tí ẹ bá rẹ́rìn-ín níbì kan, mi ò ní bínú, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹ̀rín yẹn wà lára ẹjọ́ mi.

Ẹ̀yin àlejò tí ẹ ò mọ̀ mí, èmi ni erin. Ọgbà ìgbafẹ́ kan wà lẹ́yìn Ìpọ̀nrí, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń gun ẹṣin onírọ́bà tó ń yí po, tí wọ́n sì ń yọ̀ ṣọ̀ọ̀ sínú omi. Mi ò ní dárúkọ ọgbà náà, torí ọgbà kọ́ ló ṣẹ̀. Èmi ni mò ń wọ aṣọ erin níbẹ̀, tí mò ń jó, tí mò ń fi ọwọ́jà gígùn iwájú rẹ̀ pa àwọn ọmọ lórí. Orí ìtàgé ni mo ti kọ́ iṣẹ́ apanilẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìtàgé ò bọ́ mi mọ́, mo kó sínú erin, mo sì rí i pé àtẹ́wọ́ kan náà ni. Aṣọ yẹn nípọn bíi mátíráàsì. Ẹ ro oòrùn oṣù kẹta l'Ékòó, oòrùn tó ń mú kí bàtà lẹ̀ mọ́ ọ̀dà títì, kí ẹ wá fi mátíráàsì bora nínú rẹ̀. Àwọn tó sanwó wọlé mọ bí wọ́n ṣe ń fi ara wọn sílẹ̀ fún atẹ́gùn: wọ́n á sá sábẹ́ kánópì, wọ́n á dúró níwájú fáànù ńlá tó ń fọ́n omi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ra sóbò tútù, wọ́n á ti àwọn ọmọ wọn sínú omi. Àwa tá a wà nínú ẹranko ní ọgbọ́n tiwa, èmi ni mo sì ń kọ́ ẹni tuntun. Rẹ aṣọ ìnura sínú omi yìnyín, wé e mọ́ ọrùn kó o tó gbé orí wọ̀. Máa jó níbi tí igi bá ti ṣíji bò ọ́. Tí orin bá ti parí, gba ẹ̀yìn ọ́físì lọ, ṣí orí, jókòó síwájú fáànù, mu omi, kódà bí òùngbẹ ò bá gbẹ ọ́. Tí o bá rí i pé o ò làágùn mọ́, bọ́ aṣọ kíá, ewu ti dé nìyẹn. Olùkọ́ rere ni mí. Ìyẹn gan-an ló ń bú mi.

Ọgbọ́n kan wá wà tí mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà ti rí òkúta kéékèèké nínú kíndìnrín mi. Ó ní òùngbẹ ni ọ̀tá mi, pé kí n máa mu omi lóòrèkóòrè, kí n má sì gba ààwẹ̀ mọ́. Mo bi ààfáà kan, òun náà ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kí n máa bọ́ aláìní dípò rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Dókítà ti yọ̀ǹda, Ọlọ́hun pàápàá ti yọ̀ǹda. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ fún èèyàn: ara mi ò gba ààwẹ̀. Ojú tì mí. Ọkùnrin tó fẹ̀ tó báyìí, tó ń gbé inú erin, kó wá máa pariwo kíndìnrín. Ni mo bá ra àpò rọ́bà, irú èyí tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí fún ẹni tí inú ń run. Mo rọ omi àti yìnyín kún un, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn inú orí erin, mo fa ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ibẹ̀ wá sí ẹnu mi. Ẹni tó bá rí i tí erin tẹrí ba á rò pé ó ń kí òun ni. Omi ló ń mu.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo kàn fẹ́ dákẹ́ ni. Nínú ààwẹ̀ ọdún méjì sẹ́yìn, ìyá onísóbò inú ọgbà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fáwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n wo bàbá yìí, inú erin ló ti ń gba ààwẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Mo ní, "Ọlọ́hun ló ń ṣe é, ìyá." Èké tó wọ jàlàbíà nìyẹn. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé Mushin ńbí, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ààfáà Erin. Àwọn ìyá ń fa ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ wá síwájú mi, wọ́n á ní kó wo ẹni tí kò tíì fi omi kan ẹnu láti ìgbà sààrì. Èmi á sì tẹrí ba. Ẹ ti mọ ohun tí mò ń ṣe tí mo bá tẹrí ba.

Azeezah ni ehoro wa. Ọmọ Mushin pọ́ńbélé, bàbá rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládìpọ̀, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Tí a bá jọ ń jó, òun ló máa ń lé erin, àwọn ọmọ á máa yí lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Nígbà tí ààwẹ̀ tó kọjá wọlé, ọ̀gá wa Jeffrey pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ju tèmi lọ. Ó ní ẹni tó bá ń gba ààwẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ẹranko, kó máa já tíkẹ́ẹ̀tì níwájú fáànù lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo dìde, mo ní, "Ọ̀gá, erin kì í sá fún oòrùn." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Azeezah, tó ti mú ìdì tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, gbé e padà sórí tábìlì, ó ní tí erin bá lè ṣe é, kí ló ṣe ehoro? Jeffrey jiyàn títí, ó rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìpàdé, ó tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìn ọ́físì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi mí ṣeré o. Ṣé ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ ni?"

Ẹ wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu fún mi láti bọ́ síta. Mo gbá a padà. Mo ní, "Ìgbàgbọ́ ni."

Ọjọ́ Sátidé kan ni, kò sí atẹ́gùn tó tó pa iná ìṣáná. Èrò kún ọgbà. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, Azeezah wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ó rọra sọ pé òòyì ń kọ́ òun, pé òun ò làágùn mọ́. Èmi tí mo kọ́ ọ ní ohun tí ìyẹn jẹ́! Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀yin ńkọ́?" Omi tútù wà lẹ́nu mi nígbà yẹn. Mo ní láti kọ́kọ́ gbé e mì kí n tó lè dá a lóhùn. Mo gbé e mì, mo ní, "Ara mi le. Ṣe àsítágífírù, ó ti kù díẹ̀." Ó gbé etí ehoro rẹ̀ nà ró, ó padà sínú oòrùn.

Ó jó díẹ̀. Ó ṣubú gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹṣin onírọ́bà. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Kí ni mo ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ti rí mi lórí ìtàgé mọ̀ mí: tí èrò bá rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ mi kì í gbélẹ̀. Mo jó yí i ká. Mo fi ọwọ́jà nu ojú bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ehoro. Wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì fi kún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi ẹ̀rín bò ó: ọmọ ọlọ́mọ ń kú lọ nílẹ̀, mò ń jó lórí rẹ̀.

Ìgbà tí mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ò mì ni mo tó dúró. Mo kúnlẹ̀, mo ṣí orí ehoro. Ojú rẹ̀ gbẹ táútáú, ara rẹ̀ gbóná bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Mo figbe ta pé kí wọ́n gbé omi wá. Ibí yìí ni mò ń bọ̀ látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Mò ń ké fún omi, omi sì wà lórí mi. Àpò rọ́bà náà ṣì wúwo, mò ń gbọ́ bí yìnyín ṣe ń lura wọn nínú rẹ̀. Kí n ṣáà ti ṣí orí erin, kí n dà á sí i lọ́rùn àti lábíyá. Ṣùgbọ́n èrò ti yí wa ká. Ìyá onísóbò wà níbẹ̀. Àwọn ìyá tó ń fi mí bá ọmọ wí wà níbẹ̀. Ẹnìkan na ọwọ́ pé kí òun bá mi ṣí orí, kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí erin mú kó má ṣí. Mo dúró de omi ẹlòmíràn. Jeffrey ló sáré gbé garawa dé láti ẹnu ọ̀nà, òun ló da omi sí i lára, òun ló gbé e sínú ọkọ̀ lọ sí ọsibítù. Bí wọ́n ṣe ń lọ, mo tẹrí ba. Àwọn èèyàn rò pé àdúrà ni mò ń ṣe. Òùngbẹ ló ń gbẹ mí.

Ó yè, àlàmùdùlílà. Ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ fara gbá a. Kíndìnrín, ẹ gbọ́, ohun kan náà tí mò ń fi omi dáàbò bò nínú ara tèmi. Títí di òní, oòrùn díẹ̀ ló ń dá a dùbúlẹ̀. Ó kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Ìwáyà, inú ilé ló ti ń ránṣọ. Ládùúgbò ńbí, wọ́n ní ìgbàgbọ́ ẹ̀ ni ò tó, pé ṣebí Ààfáà Erin wà nínú oòrùn kan náà. Mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Mo dákẹ́, mo tún ń mirí bí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí Alhaji wá pè mí láti wá wàásù ni oorun dá lójú mi. Mo lọ sí Ìwáyà, mo rò pé mò ń lọ jẹ́wọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán, kò dìde. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí mo lè bí lọ́mọ, mo kà á sílẹ̀ látorí kíndìnrín dórí àpò rọ́bà. Ó já òwú. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ tẹrí ba sórí mi, omi tútù ń kán sí mi létè láti ẹnu erin. Mo rò pé mo ti kú ni, pé omi àlùjánńà ni. Ìgbà tí mo jí ni mo rò ó dáadáa. Ehoro ò gọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Mo ní kí ló dé tí kò fi tú mi fó. Ó ní òun ń wò ó bóyá mo máa sọ ọ́ fúnra mi. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kó dárí jì mí. Ó wo yàrá náà yíká, bí ẹni tó ń wá èrò tí kò sí níbẹ̀.

"Níbí? Èmi àti ẹ̀yin nìkan? Gbangba ni wọ́n ti ń yìn yín, gbangba ni wọ́n ti ń bú mi. Ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀ ná, kẹ́ ẹ tó wá bẹ̀ mí."

Ìdí tí mo fi jẹ́ ìpè yín nìyẹn. Kò wá. Oòrùn ọ̀sán ò jẹ́ kó lè ti Ìwáyà dé ibí. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló jókòó sẹ́bàá òpó yẹn. Bàbá, ìgbàgbọ́ ọmọ yín tó, òun ló gba èmi gbọ́. Ẹ foríjì mí tí ẹ bá lè ṣe é. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, omi tí mo mu kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi, àtẹ́wọ́ tí mo fi ń ṣínu ni. Tí ara yín ò bá gba nǹkan, ẹ sọ ọ́ síta kí ojú tì yín lẹ́ẹ̀kan, kó tán. Ẹni tí ara ń ni, tó wá bi yín pé ẹ̀yin ńkọ́, ẹ dá a lóhùn òótọ́, torí ó lè jẹ́ èsì yín ló máa fi pinnu bóyá kóun jókòó tàbí kóun máa jó lọ.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Ọmọ kan wà nílé yín tí ara rẹ̀ ò le, tí ẹ ti fi orúkọ mi dá lẹ́bi. Tí ẹ bá délé, ẹ bu omi fún un, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé Tìrìmísíyù mu omi.