Kọ̀ǹpútà Aláìlára

Ìyá Ràmá tó ń ta ọṣẹ ní Kotobabi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Oorun ń kùn ún nínú trótró, ọkọ̀ èrò, nígbà tó gbọ́ ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà aláìlára tí mo kọ sínú fóònù, ètò tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà, ń falẹ̀. Ọ̀nà àbùjá tí mo fi kún un kó lè yára pọ̀ ju àyè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ fóònù lọ, ibi tó ti ń tètè mú nǹkan."

"Bí ìgbà tí aṣọ kún ìsọ̀ mi ní ọjà Kantamanto, tí kayayó, alááru mi, ń lọ kó ìyókù ní sítọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ń rìn ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Báyìí, kò sẹ́ni tó máa lò ó."

"Gé àbùjá náà kúrò."

"Gbogbo ọgbọ́n mi ló wà níbẹ̀."

"Àbúrò, ṣé ọgbọ́n ẹ ni wọ́n fẹ́ rà?"

Nígbà tí wọ́n dé ibùdókọ̀ Circle, ọmọ náà tún un sọ jẹ́jẹ́: "Ó ń rìn ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ."

Tó bá jẹ́ ìwọ, ṣé wàá lè gé e?