Igbe Tí A Gbà Nígbà Méje

Ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́ báyìí, nítorí dókítà tó ń tọ́jú kíndìnrín mi kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n fún mi lóṣù tó kọjá. Ó ní kí n lọ ṣètò ilé mi. Ilé mi ti wà létò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò létò, òun ni mo sì fẹ́ tú sílẹ̀ níwájú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ọ̀gá Ohùn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo kọ́ níṣẹ́, àti ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wo kàtúùnù tí mo darí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún, ọdún mẹ́rìnlá péré ni, àmọ́ ó ti tó láti ba ayé èèyàn jẹ́ tán. Gbogbo yín lẹ mọ igbe kan, èyí tí ọmọkùnrin inú kàtúùnù náà ké nígbà tí omi ń gbé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ máa ń sọ fún mi pé ẹ sunkún. Ẹ máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe rí irú igbe bẹ́ẹ̀ gbà lẹ́nu èèyàn. Ó dáa, ẹ gbọ́ bí mo ṣe rí i gbà.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ará Jàpáàn ń ya kàtúùnù fún àwọn ọmọ wọn, ilé iṣẹ́ wa á rà á, a ó yọ èdè wọn kúrò, a ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀. Ó rọrùn létí, kò rọrùn lọ́wọ́. Ẹnu tí wọ́n ti yà kò ṣeé tún yà. Bí ó bá là lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀rọ̀ tìrẹ náà gbọ́dọ̀ là á lẹ́ẹ̀mẹrin, bí ó bá sì pa dé, o gbọ́dọ̀ dákẹ́. Bàbá kan tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun wọn ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa, èmi ló wá ń gé e, tí mò ń lẹ̀ ẹ́ kí ó bá ẹnu mu. Èmi náà ló ń yọ ohun tí àwọn tẹlifíṣọ̀n kò fẹ́ kí ọmọdé rí. Ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ dì, mo ti sọ ọ́ di búrẹ́dì. Ọtí ti di omi ọsàn. Ní ti ikú, èèwọ̀ ni. Nínú kàtúùnù tiwa, ẹnikẹ́ni kì í kú, wọ́n kàn máa ń rìnrìn àjò ni. Bàbá atúmọ̀ a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀, á ní, "Ọ̀gá Ohùn, ìwọ nìkan lo ṣẹ́gun ikú láyé yìí." A ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti mọ́ mi lára láti gba ọ̀rọ̀ tó wúwo kí n sì dá a padà ní fífúyẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin tó ké igbe yẹn, Olóhùn-Mẹ́fà la máa ń pè é. Òun ni ọmọkùnrin náà, òun ni ìyá àgbà, òun ni ìbejì méjèèjì, òun ni atukọ̀, òun náà sì ni ewúrẹ́. Ẹ lè fi ojú di ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tirẹ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín débi tí ẹlẹ́rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ yóò fi dá iṣẹ́ dúró. Ó ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méjì nígbà náà. Bàbá ọmọ náà ti rìnrìn àjò, irú èyí tí wọ́n ń rìn nínú kàtúùnù wa. Nígbà tí a dé ibi tí omi ti ń gbé ọkọ̀ lọ, iṣẹ́ há mi lọ́wọ́. Àwọn ará Jàpáàn jọ wá nínú ohun kan, àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ. Ọmọ náà ń ké "Ẹ̀gbọ́n!" lórí omi, ẹnu rẹ̀ là gbòòrò. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò. Orúkọ tí a fún ẹ̀gbọ́n náà ní Gẹ̀ẹ́sì kúrú, ó ń tán nígbà tí ẹnu ọmọ ṣì là sílẹ̀ bí ẹnu ẹja. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá a jà. Olóhùn-Mẹ́fà ló sọ ọ́ láti inú yàrá ìgbohùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó ní kó dúró de òun. Ẹni tí omi ń gbé lọ, ṣé orúkọ ẹ̀ lèèyàn á máa pè? Á ní kó dúró ni." A fi ohùn pẹ̀lẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ó bá ẹnu mu wẹ́kú. Màdáámù tó ni ilé iṣẹ́ wà lẹ́yìn gíláàsì lọ́jọ́ náà, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ìwọ gan-an ló yẹ kó máa darí." Ẹ̀rín lásán ni mo pè é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni mo gbọ́ pé kàtúùnù tó kàn, òun ni yóò darí rẹ̀. Ìlara wọ inú mi, ó sì jókòó. N kò ní pè é lórúkọ mìíràn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó lọ rí dókítà, dókítà sì kọ ìwé fún un pé okùn ohùn rẹ̀ ti wú, kí ó má sọ̀rọ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kódà kí ó má sọ wúyẹ́wúyẹ́, nítorí bí ó bá figbe ta, ó lè ya, bí ó bá sì ya, ó lè má san mọ́. Èmi ni adarí, nítorí náà èmi ló gbé ìwé náà fún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún Màdáámù. Ojú ń tì mí, wọ́n á rò pé torí oyè tí wọ́n fẹ́ fún mi ni mo ṣe ń ṣakọ." Mo ka ìwé náà nínú ọ́fíìsì mi, mo sì tì í sínú dúrọ́ọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí a fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n. Màdáámù bi mí pé, "Mo gbọ́ pé ó lọ rí dókítà. Kí ni wọ́n sọ?" Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ṣe é gẹ́gẹ́ bí mo ti ń sọ ikú di ìrìn àjò. Mo ní, "Wọ́n ní ọ̀fun ẹ̀ ló gbẹ, kó máa mu omi gbígbóná." Ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú? Tó bá le, mo lè ní kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú, ọ̀rẹ́ mi ló wà níbẹ̀." Mo ní kò le. Mo jáde, mo lọ bá Olóhùn-Mẹ́fà, mo fajú ro, mo ní, "Màdáámù ti ka ìwé ẹ. Wọ́n ní tó ò bá lè ṣe é lọ́sẹ̀ yìí, àwọn á fi ẹlòmíì sí i. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́." Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n tòótọ́ ni mí.

Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wa ló mọ òfin kan. Igbe ni a ń gbà kẹ́yìn. Ẹ ó gba ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ ó gba ẹ̀rín, nígbà tí iṣẹ́ ọjọ́ bá ti tán pátápátá lẹ ó tó ní kí èèyàn figbe ta, kí ó lè lọ sinmi. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gba igbe ọmọ náà sílẹ̀, mo ní igbe ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́rọ wò mí, mo bojú wo ibòmíràn. Olóhùn-Mẹ́fà wọ inú yàrá, ó mu omi, ó ké e. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ, èyí àkọ́kọ́ ni ẹ gbọ́. Òun ni a lò. Ẹlẹ́rọ bọ́ ohun ìgbọ́ràn kúrò létí, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ní, "Ọ̀gá, eléyìí ti parí." Mo mọ̀ pé ó ti parí. Láti ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ìdí nìyẹn tí inú fi bí mi. Mo tẹ bọ́tìnnì tí mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá, mo ní kí ó tún un ké. Lẹ́ẹ̀kejì mo ní ó yá jù. Lẹ́ẹ̀kẹta mo ní ọmọdé kì í ké bẹ́ẹ̀, èmi tí n kò bímọ. Lẹ́ẹ̀kẹrin n kò sọ ìdí mọ́. Ẹlẹ́rọ ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ó sinmi," mo ní kí ó dojú kọ ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì dojú kọ ọ́. Ó ní ìyàwó àti ọmọ tó ń bọ́, n kò bá a wí. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹfà, Olóhùn-Mẹ́fà fara ti ògiri. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i." Ó la ẹnu, ọrùn rẹ̀ le, iṣan rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n ìlà ohùn tó ń fò sókè sódò lójú kọ̀ǹpútà nà gbalaja, kò mira. Kò sí ohùn. Ó wò mí láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó nawọ́ sí maikirofóònù. Ó rò pé maikirofóònù ló bàjẹ́.

Ohùn náà kò padà mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò gbà. Èémí ló ń fi sọ̀rọ̀ títí di òní, ẹ gbọ́dọ̀ gbé etí sún mọ́ ọn. Mo sọ fún Màdáámù pé ó fi àìsàn pa mọ́ fún wa, Màdáámù sì bínú sí i, ó gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Kàtúùnù tó kàn, èmi ni mo darí rẹ̀. Olóhùn-Mẹ́fà wá ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kò ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tó ní ohùn àti ẹni tí kò ní. Ohun tó burú jù nìyí: fún ọdún mẹ́rìnlá ni ó ń wá kí mi. Yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, yóò jókòó, yóò sì fi èémí sọ pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi bẹ Màdáámù." Èmi náà yóò sọ pé kò tọ́pẹ́. Màdáámù ti kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó kú ni o, kò rìnrìn àjò kankan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mo kọ́ níṣẹ́, bí ẹnìkan bá fi ìwé rán yín, ẹ jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ Alámìísì tó kọjá, mo pe ìyá àti ọmọ, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Ìyá dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí mi. Ọmọ ló sọ̀rọ̀, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ ohùn màmá mi. Ti ọmọkùnrin yẹn ni mo mọ̀, ti ìyá àgbà, ti ewúrẹ́. Ṣé kò síbi tẹ́ ẹ ti gbà á sílẹ̀ nígbà tó kàn ń sọ̀rọ̀ ti ara ẹ̀?" Ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ wa kì í sinmi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí ó ti ń rẹ́rìn-ín, bí ó ti ń béèrè omi, bí ó ti ń sọ fún wa pé ọmọ òun hu eyín, oṣù mẹ́sàn-án gbáko ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo pa á rẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹfà lọ́jọ́ yẹn, ó bẹ̀ mí, ẹ̀rọ sì gbà á. Mo pa ibẹ̀ rẹ́, mo wá rò ó pé bí ihò kan ṣoṣo bá wà níbẹ̀, èèyàn lè béèrè, ni mo bá pa gbogbo ìyókù rẹ́. Ọmọ náà ní, "Kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n bẹ̀ yín?" Mo ní, "Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó ń ya nínú ọ̀fun mi, ẹ jẹ́ n lọ bá ọmọ mi nílé." Ó ní, "Rárá. Báwo ni wọ́n ṣe sọ ọ́? Ẹ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́." Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ èèyàn bí wọn yóò ṣe sọ̀rọ̀, mo la ẹnu, ohùn arúgbó ọkùnrin ló jáde. Ìyá rẹ̀ mirí lójú fèrèsé, kò bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà ní, "Ẹ tún un sọ." Mo tún un sọ. Ó ní, "Ẹ tún un sọ." Mo sọ ọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi, kò jọ ohùn rẹ̀ rárá. Wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n lọ. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n nínú yín, kí ó má bá mi bẹ̀ wọ́n.