Ìwé Yíyá Ni, Mo sì Dákẹ́

Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kẹta sáà kejì ọdún tó kọjá. Mo mọ wákàtí náà dáadáa nítorí pé ìkànnì tí mò ń lò máa ń kọ ọjọ́ àti aago sí ìdí ohunkóhun tí èèyàn bá ṣe lórí rẹ̀. Ní aago yẹn ni mo fi ìka kan tẹ ibi tí kò yẹ kí n tẹ̀. Àṣìṣe nìyẹn. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò lè pè é ní àṣìṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ fún ìyá tó bí mi, mi ò sọ fún pásítọ̀ mi. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù tí ohun tí mo bà jẹ́ fi ṣeé tún ṣe. Mo wo gbogbo àwọn tí mo mọ̀, mi ò rí ẹni tí mo lè bi léèrè. Àwọn tí mo mọ̀ náà ò tilẹ̀ pọ̀.

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí. Àpòmù ni wọ́n pín mi sí nígbà tí mo ṣe agùnbánirọ̀. Nígbà tí ọdún pé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi di ẹrù wọn, wọ́n lọ. Ilé ẹ̀kọ́ ní kí èmi dúró, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ títí wọn yóò fi rí olùkọ́ gidi. Mo gba yàrá kan ní Ìkirè, mo sì ń gun ọ̀kadà lọ sí Àpòmù lójoojúmọ́.

Mi ò ní ẹbí kankan níbí. Àwọn ìgbà kan wà tó jẹ́ pé láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbólóhùn kan ṣoṣo tó máa jáde lẹ́nu mi ni "Ẹ ta búrẹ́dì fún mi." Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí Màmá jẹ́ sí mi. Mi ò fi ṣe àwáwí.

Màmá Oníwèé ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pè wọ́n. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àwọn ni wọ́n ń tọ́jú láíbìrì ilé ẹ̀kọ́ wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́. Àwọn náà ń gbé ní Ìkirè. Ní àárọ̀, wọn á nu eruku kúrò lára ìwé, wọn á sì bi mí pé, "Kópà, o ti jẹun?" Mi ò kì í ṣe kópà, ìyẹn agùnbánirọ̀, mọ́ nígbà náà, àmọ́ wọn ò yéé pè mí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n máa ń ra dòdò lẹ́bàá títì, a ó sì jókòó sáàárín pẹpẹ ìwé jẹ ẹ́. Lára ògiri lókè orí wa, wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹun níbẹ̀. Nígbà tí mo tọ́ka sí i, Màmá ní, "Èmi ni mo ṣòfin. Ta ló fẹ́ mú mi?"

Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ ìkànnì náà wá. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Ilé ẹ̀kọ́ á kọ orúkọ gbogbo ìwé rẹ̀ síbẹ̀, àwọn ọmọ á máa sọ èrò wọn nípa ohun tí wọ́n kà, ilé ẹ̀kọ́ kan sì lè yá òmíràn ní ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rò pé ohun burúkú ni. Ọmọ kan ní kíláàsì mi tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ rárá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwé kan dùn ju ìrẹsì ọjọ́ Àìkú lọ. Ọmọ mìíràn láti ìlú tí a ò mọ̀ dá a lóhùn pé irọ́ ni, kò sí ìwé tó dùn tó ìrẹsì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi ń jiyàn. Mo láyọ̀ gan-an. Ó ṣe mí bíi pé yàrá kékeré yẹn ti ní fèrèsé sí gbogbo ayé.

Màmá ò ta kò mí. Wọ́n kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. "Ẹ̀rọ rẹ yìí mọ gbogbo nǹkan, àfi kó gbálẹ̀." Wọ́n ní inú réjísítà àwọn, ìyẹn ìwé ńlá tí wọ́n fi rúlà là fúnra wọn, ni àwọn ṣì máa máa kọ tiwọn sí. Wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé, "Èyí tí kò bá yé ọ, bi mí."

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo wí yẹn, Màmá lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi nìkan ni mo wà ní láíbìrì. Mo mú ìwé kan tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìwé nípa àwọn igi tó wà nínú igbó àti oko láti Àpòmù dé Orílẹ̀-Òwu ni. Lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ewé gidi wà níbẹ̀, gbígbẹ, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, pẹ̀lú orúkọ igi àti ohun tí àwọn àgbà ń lò ó fún. Nínú èèpo rẹ̀, Màmá ti lẹ bébà kékeré kan mọ́ ọn. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìwé yíyá ni."

Ìkànnì náà bi mí bí ó ṣe máa ń bini: ṣé kíkà níbí nìkan ni, ṣé fífúnni ni, àbí yíyá? Mo tẹ yíyá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin náà mọ èdè wa. Ẹni tó mú nǹkan sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó yá a ni. Ẹni tó gbà á, òun náà yá a ni. Èmi kà á pé ìwé tí a lè yá àwọn ẹlòmíràn ni. Ohun tí Màmá ní lọ́kàn ni pé ìwé tí àwa fúnra wa yá lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Mo lè dúró di ọ̀sán kí n bi wọ́n. Mi ò bi wọ́n. Iye ìwé tí mo ti kọ sórí ìkànnì ń dùn mọ́ mi, mi ò fẹ́ dúró.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí olùkọ́ kan láti ìpínlẹ̀ mìíràn béèrè ìwé náà. Mo gbà fún un. Mo wé e sínú láílọ́ọ̀nù méjì, mo fún awakọ̀ èrò kan lẹ́bàá títì ní Ìkirè, mo sì rí ìdáhùn lórí ìkànnì pé ó ti dé. Mi ò sọ fún Màmá. Mo fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu ni, pé ìwé láti láíbìrì wọn ti rìn jìnnà báyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó yẹ kó fi padà. Kò padà. Mo kọ̀wé sí olùkọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò fèsì.

Lẹ́yìn náà ni Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹni tó ni ìwé náà, wá gbà á. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà pẹ̀lú Màmá. Bàbá wọn tó ti kú ló kọ ìwé náà nígbà tí wọ́n wà láyé, tí wọ́n ń ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbikíbi. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ń bọ̀ wá ṣe ìrántí bàbá náà, wọ́n sì fẹ́ gbé ìwé náà sí iwájú àwọn ènìyàn.

"Ó wà ńbẹ̀," ni Màmá wí. "Ọwọ́ mi ni mo fi gbé e síbẹ̀."

Wọ́n na ọwọ́ sí pẹpẹ láìwo ibẹ̀. Ọwọ́ wọn bọ́ sí òfìfo.

Ìgbà yẹn ni ìtumọ̀ bébà kékeré náà yé mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo ti la ẹnu. Àmọ́ Àǹtí Bọ́sẹ̀ ti ń pariwo.

"Màmá, ṣé ẹ̀pà lẹ ti fi ìwé bàbá mi dì ni?"

"Bọ́sẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ ní a-b-d."

"Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí, mà!"

Mo pa ẹnu mi dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá fi wá ìwé náà. Wọ́n kó gbogbo pẹpẹ sílẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi náà ń bá wọn wá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà. Mo ń bá wọn wá ohun tí mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ pé ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Mo ṣí ìkànnì, mo pa gbogbo àkọsílẹ̀ ìwé náà rẹ́. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí mo kọ ọ́, ibi tó lọ, gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ ráyè ronú ni. Irọ́ ni. Ẹ̀rù bà mí pé wọn á lé mi, mi ò sì ní ibòmíràn tí mo lè lọ.

Ọ̀gá pe èmi, Màmá àti Àǹtí Bọ́sẹ̀ jọ. Wọ́n ní, "Kópà, wo kọ̀ǹpútà. Ṣé ìwé yìí tilẹ̀ wọ inú láíbìrì wa rí?"

Mo wò ó. Mo ní, "Kò sí níbẹ̀, sà."

"Ó dáa," ni ọ̀gá wí. "Kọ̀ǹpútà ò ní torí ẹnì kan parọ́."

Mi ò mọ̀ pé ohun tí mo sọ máa jọ bẹ́ẹ̀. Ó wá dà bíi pé Màmá ò gbé ìwé náà wá sí ilé ẹ̀kọ́ rárá, pé ilé wọn ni wọ́n gbé e lọ. Màmá ní ó wà nínú réjísítà àwọn. Ọ̀gá ní ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tó bá wù ú sínú réjísítà ara rẹ̀. Wọn ò jágbe mọ́ Màmá. Wọ́n kàn na ọwọ́. Màmá tú kọ́kọ́rọ́ láíbìrì kúrò létí ìró wọn, wọ́n fi lé ọ̀gá lọ́wọ́, wọ́n sì gbé réjísítà wọn mọ́ àyà, wọ́n jáde.

Ọ̀gá fún mi ní kọ́kọ́rọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, èmi nìkan ló ń wà ní láíbìrì. Mi ò jẹun níbẹ̀ mọ́. Mo gbọ́ pé àwọn obìnrin ìjọ ò jókòó ti Màmá mọ́, Màmá sì ti ń lọ sí ìsìn kùtùkùtù báyìí, níbi tí èrò ò ti pọ̀. Mo máa ń lọ kí wọn ní ọjọ́ Àìkú. Mi ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ló ń gbé mi lọ àbí ẹ̀rù. Ó jọ pé méjèèjì ni.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mò ń wo ìkànnì náà, mo rí ìwé náà. Olùkọ́ àkọ́kọ́ ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ yẹn, ẹni tó gbapò rẹ̀ rí ìwé náà lórí pẹpẹ, ó sì kọ ọ́ mọ́ tiwọn. Ó ya àwòrán rẹ̀. Mo rí bébà Màmá, mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé wọn. Lábẹ́ rẹ̀, ọmọ kan kọ ọ́ pé, "Bàbá yìí mọ igi ju bí mo ṣe mọ àwọn ẹbí mi lọ." Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún títí.

Mo kọ̀wé sí olùkọ́ tuntun náà. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó ní òun ò kọ̀, àmọ́ kí a fi àkọsílẹ̀ tó fi hàn pé ọ̀dọ̀ wa ló ti wá ránṣẹ́. Ó ní ohun tí òun rí lára rẹ̀ ni pé ìwé yíyá ni, ilé ẹ̀kọ́ kan tó tún jìnnà síwájú sí i sì ti béèrè rẹ̀. Bí òun ò bá rí nǹkan kan gbà títí sáà yìí fi máa parí, òun á fi ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù.

Mo ti pa àkọsílẹ̀ orí ìkànnì rẹ́. Èyí tó kù láyé wà nínú réjísítà Màmá, nínú ilé Màmá. Mi ò lè béèrè rẹ̀ láìsọ ìdí tí mo fi ń béèrè.

Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Mo ti há gbogbo ọ̀rọ̀ sórí. Màmá gbé oúnjẹ síwájú mi, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní, "Gbogbo wọn ló ti dá mi lẹ́jọ́. Ìwọ nìkan lo gbà mí gbọ́." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo dìde, mo lọ sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá, kí Màmá lè gbọ́ pé mo ti jẹ́wọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn? Tàbí Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀? Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo rò pé mo lè fara dà á. Bí Àǹtí Bọ́sẹ̀ bá bú mi lójú ọjà, ó tọ́ sí mi. Àmọ́ bí Màmá bá ní kí n má wá mọ́, kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo Ìkirè tó máa mọ̀ bí mo bá jẹun tàbí mi ò jẹun. Mo mọ̀ pé ara mi nìkan ni mò ń rò bí mo ṣe ń sọ èyí. Ẹ bá mi wí, mo gbà.

Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan tó dàgbà jù mí lọ sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣé kí n kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, àbí kí n sọ̀rọ̀ tán kí n tó kúnlẹ̀? Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni mo fẹ́ lọ. Nígbà tí Màmá bá ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n bá ní, "Wọlé, ọmọ mi," ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?