Ìlù Tó Ń Dá Iye Múyìwá Lóhùn

Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ṣì lágbára láti tẹ ìlù ńlá, èmi ni mo ń lu ìlù òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa yìí, ní Ìrolú níbí. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, láti àárọ̀ lẹ ti ń fi kọ́kọ́rọ́ yí bóòtù ìlù tuntun yín, ohùn rẹ̀ ò gún, ẹ wá ní kí Bàbá wá bá yín wò ó. Tòmíwá, o ní ìlù kékeré yẹn ń kùn fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá ń ka Bíbélì. Pé bí ẹlòmíì bá kà á, kì í kùn. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lo wí? Ó dáa. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ jókòó.

Kó tó kàn mí, Múyìwá ló ń lù ú. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, mi ò ní purọ́. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló pa á… ọjọ́ mẹ́rin péré. Kò tíì láya, kò tíì bímọ. Ẹ gbọ́ o, ayé ìgbà yẹn kì í ṣe ti ìsinsìnyí, tí òbí ń tẹ̀lé pósí ọmọ, tí wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò. Èèwọ̀ ni! Ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí. Àwa ọ̀dọ́ mẹ́rin la gbé e lọ, lọ́sàn-án gangan, a sin ín. Bàbá àgbà kan wá kìlọ̀ fún wa. Ó ní, "Bí ìyá rẹ̀ bá sunkún ẹ̀jẹ̀, ẹ ò mọ ibẹ̀." A ní a ò mọ ibẹ̀.

Wọ́n wá gbé ìlù lé mi lọ́wọ́. Ìlù kọ̀! Ṣé ẹ rí àwọn wáyà tín-ín-rín abẹ́ ìlù kékeré yìí? Àwọn ló ń jẹ́ kó dún ṣà bí a bá fi igi lù ú. Wáyà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àlùfáà á máa wàásù, ìlù á ní ṣììì… Mo ní bóyá wáyà ló dẹ̀, mo fà á le. Ṣììì. Mo ní bóyá awọ òkè ló ti gbó, mo pààrọ̀ rẹ̀. Ṣììì. Mo ní atẹ́gùn ojú fèrèsé ni, mo gbé e lọ sí igun kejì. Kò gbọ́.

Ìgbà tó yá ni mo ṣàkíyèsí. Ẹnì kan ṣoṣo ni ìlù yìí ń dá lóhùn. Ìyá Múyìwá ni, Iye Múyìwá tí gbogbo wa ń pè ní Iye. Bí Iye bá dá orin, ìlù á kùn. Bí wọ́n bá dìde ṣọpẹ́, ìlù á kùn. Ẹlòmíì á kọ orin kan náà, ìlù á dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀rù bà mí, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, mo mú kọ́kọ́rọ́, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí n lọ tún un wò. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Iye Múyìwá jókòó síwájú ìlù, agbọ̀n oko wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Múyìwá, mo ti dé o. Oko ni mo ti ń bọ̀."

Ṣììì…

"Òjò pa mí lọ́nà. Ṣé ara rẹ le?"

Ṣììì…

"Ibi tí wọ́n tẹ́ ọ sí, ṣé kò tutù?"

Ìlù dákẹ́. Ó dákẹ́ o! Ó pẹ́ kó tó kùn, ìgbà tó sì kùn, kò tètè dá.

Orí mi wú. Wọn ò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Wọlé, má bẹ̀rù. Ẹ̀yin tí ẹ sin ín, ẹ ní a kì í fi sàréè han ìyá. Mi ò bi yín. Ibí ni mo ti ń rí tèmi."

Ǹjẹ́ kò yẹ kí n fi ìlù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ó yẹ! Ṣùgbọ́n ìkórè ti ń sún mọ́lé, àwọn àgbà ìjọ sì ní bí mi ò bá lè pa ìlù lẹ́nu mọ́, àwọn á lọ mú onílù kan wá láti Ìkẹ́nnẹ́. Èmi kẹ̀? Kí ará Ìkẹ́nnẹ́ wá jókòó sí àyè mi? Bóòtù kan ló kù tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Múyìwá ló dì í gbẹ̀yìn. Mo yí i díẹ̀ báyìí… ó tán. Ohùn ìlù mọ́ kedere.

Lọ́jọ́ ìkórè, gbogbo ìjọ ń ṣàdúrà fún mi pé mo tún ìlù ṣe. Iye Múyìwá gbé orin, wọ́n dé àárín, wọ́n dá a dúró. Wọ́n ń wo ìlù. Nígbà tí ìsìn parí tí èrò tán, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n pe orúkọ ọmọ wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò dún.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni, Iye."

Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ náà ni. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí o sin ín."

Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo dẹ bóòtù yẹn padà! Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀. Ohùn yẹn ò padà wá mọ́. Nígbà tí àìsàn wá dá Iye dùbúlẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní, "Níbo ni?" Mo ní mi ò mọ ibẹ̀. Wọ́n wojú mi, wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Bí wọ́n ṣe kú nìyẹn. Ó dùn mí. Títí di òní ó ń dùn mí.

Àwọn mẹ́ta tá a jọ gbẹ́ ilẹ̀ ti lọ. Èmi nìkan ló kù tó mọ ibẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù ló ń sọ fún yín pé ohùn ìlù ti gún. Ṣé fóònù lè sọ ẹni tó ń fetí sí i? Láàárọ̀, nígbà tí ẹ lọ jẹun, mo dá jókòó síwájú ìlù yín. Mo pe Múyìwá. Ó dákẹ́. Mo wá ní, Iye Múyìwá…

Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ gbọ́ ọ báyìí, àbí? Ẹ má sá, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.

A kì í fi sàréè ọmọ han ìyá. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ìyá tó ti kú. Ẹ jáde fún mi ná. Tòmíwá, fa ilẹ̀kùn dé. Bí mo bá sọ fún wọn tán, bóyá ìlù yín á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Bí kò bá sì dákẹ́… ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan bóòtù yẹn.